Pálọ̀ Ilé Àyágbé Lè Tuni Lára Láìjẹ Gbèsè

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Wọn kò sọ pé ilé tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ kọ́ nìkan ni àbọ̀ sinmi oko. Yàrá kan àti pálọ̀ tí à ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ayálégbé méje mìíràn sì ń bá wa lo ẹnu ọ̀nà kan náà, ilé ni òun pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ọkọ ń bọ̀ wá sí láti ibi iṣẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ka ìwé, ibẹ̀ ni àwọn àna wa ń jókòó sí nígbà tí wọ́n bá wá kí wa. Bí ibẹ̀ kò bá tuni lára, olúkúlùkù yóò máa wá ibòmíràn tí yóò ti sinmi.

Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ lè rò pé ẹni tí ó ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi gba oyè kò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú pálọ̀ tirẹ̀. Mo ṣì í gbé. N óò kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe rí fún yín, nítorí ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Àga tí ó lé wa jáde

Ní ọdún tí a ṣe ìgbéyàwó, yàrá kan àti pálọ̀ ni èmi àti ọkọ mi gbà ní àdúgbò Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn. Pálọ̀ náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn àti ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra odidi àga oníjókòó méje, tí a fi aṣọ pupa olówó ńlá bò. Láti ọjọ́ tí mo ti jókòó lórí àga náà ni àga onípákó tí a ní nílé ti di ohun ìtìjú lójú mi. N kò rò ó pé pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ìlọ́po méjì tiwa.

Owó ilé ọdún tí ń bọ̀ ni a ń fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Mo rọ ọkọ mi títí ó fi gbà pé kí a mú nínú rẹ̀ fún káfíńtà, kí a sì máa san ìyókù lóṣooṣù fún oṣù 10. Nígbà tí àga dé, ilẹ̀kùn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ kí wọ́n tó lè gbé èyí tí ó gùn jù wọlé. Kò sí ibi tí ó gbà á àfi abẹ́ fèrèsé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bo ìdajì fèrèsé náà. Bí a bá ń lọ sí yàrá, ẹ̀gbẹ́ ni a fi ń rìn bí alákàn. Kí àwọ̀ lè bá àwọ̀ mu, mo tún ra ọ̀dà olóròóró pupa, mo fi kun ògiri láìsọ fún bàbá onílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá ọkọ mi dé láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n jókòó díẹ̀, òógùn bò wọ́n. Kí n tó gbé omi dé láti ibi ìdáná, wọ́n ti gbé àpótí ìdáná mi, wọ́n ti lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, àga rẹ dára. Ṣùgbọ́n àga ni ó ni pálọ̀ yẹn. Jẹ́ kí n jókòó sí ibi tí ènìyàn ni ín."

Kò pẹ́ tí ọkọ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́ níta. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbà lọ láti ibi iṣẹ́, a máa di agogo mẹ́wàá alẹ́ kí ó tó wọlé. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Nígbà tí ọjọ́ owó ilé pé, owó ọwọ́ wa kò pé. Bàbá onílé wọlé wá bèèrè owó wọn; wọ́n wo àga, wọ́n wo ògiri pupa, wọ́n ní ẹni tí ó lè ra irú àga báyìí lè san ju iye tí à ń san lọ. Wọ́n fi kún owó ilé, wọ́n sì ní kí a kun ògiri àwọn padà sí bí a ṣe bá a. Ìdajì iye tí a ra àga gígùn náà ni a tà á kí owó ilé tó pé. Mo sunkún ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo ṣí fèrèsé náà sílẹ̀ gbayawu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù márùn-ún. Atẹ́gùn wọlé. Ọkọ mi jókòó, ó ka ìwé ìròyìn rẹ̀ tán, kò sì jáde mọ́. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ara mi ní ohun tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ìbéèrè mẹ́ta kí owó tó jáde

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ara mi kí n tó ra ohunkóhun sínú pálọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa bi ara yín.

Èkíní: ta ni yóò lò ó, kí ni yóò sì fi ṣe? Ilé tí ọmọ kékeré wà nílò ilẹ̀ tí ọmọ lè rá lé. Kò nílò tábìlì onígíláàsì tí igun rẹ̀ mú. Bí ọkọ bá ń mú iṣẹ́ bọ̀ wá sílé, tábìlì kan àti iná tí ó mọ́lẹ̀ ṣe é lóore ju àga oníjókòó méje lọ.

Èkejì: ǹjẹ́ a lè gbé e lọ ní ọjọ́ tí a bá ń kó kúrò? Kọ́tìnì, ẹní, àga, gílóòbù àti fọ́tò, tiwa ni wọ́n. Ohun tí a bá rẹ́ mọ́ ilẹ̀ tàbí tí a kàn mọ́ àjà, onílé ni a ń bá ṣe é. Kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó yín lọ sórí ohun tí a lè ká, tí a sì lè gbé.

Ẹ̀kẹta: owó wo ni a fẹ́ fi rà á? Owó ilé kì í ṣe owó àga. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kì í ṣe owó kọ́tìnì. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, owó òwò yín kì í ṣe owó ẹ̀ṣọ́ ilé, nítorí bí a bá jẹ owó òwò tán, ẹ̀ṣọ́ náà ni a ó padà tà.

Ẹ kó ẹrù jáde ná

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ pálọ̀ tí mo ti wọ̀, ẹrù ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí òjò kò rọ̀, ẹ kó gbogbo ohun tí ó wà nínú pálọ̀ jáde. Ẹ gbá a, ẹ fọ ilẹ̀, ẹ nu ojú fèrèsé, ẹ yọ àwọ̀n fèrèsé kí ẹ sì fọ̀ ọ́, nítorí eruku tí ó dí àwọ̀n ń dá atẹ́gùn dúró. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa dá ohun tí ẹ ń lò padà sínú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáànù tí ó ti bàjẹ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ike tí ó fọ́, kàlẹ́ńdà ọdún tí ó ti kọjá, ìyẹn kò ní ìdí kankan láti padà wọlé.

Kí ẹ tó fún káfíńtà ní kọ́bọ̀ kan, ẹ wọn ilẹ̀ pálọ̀ yín. Àga elénìyàn mẹ́ta sábà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7, ìbú rẹ̀ a sì tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ ara wọn, kí ẹ gé e sí ìwọ̀n àga tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ibi tí àga yóò wà. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa rìn yí i ká. Bí ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé yàrá kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀, àga náà tóbi jù. Ìwé ìròyìn ni ẹ ó kàn ká kúrò nílẹ̀, ẹkún kò ní sí níbẹ̀.

Atẹ́gùn ni ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́

Púpọ̀ nínú wa ni ó ń gbé inú ilé tí ọ̀nà kan là á já láàárín, tí yàrá kọjú sí yàrá. Ẹ̀yà ilé alájà ti àwọn Àgùdà wà lára irú ilé yìí, àwọn ọmọ wa tí wọ́n padà dé sí Èkó láti Bràsílì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Nígbà tí ìdílé kan ṣoṣo bá ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn a máa wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn a sì máa gba fèrèsé wọlé, a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí yàrá kọ̀ọ̀kan bá ní ayálégbé tirẹ̀, a máa ń ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn kì í wọ ibi tí kò ti ní ọ̀nà àbájáde. Ìdí nìyẹn tí ooru fi ń mú nínú yàrá onífèrèsé kan.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ohunkóhun tí ó ga dí fèrèsé. Ẹ ta aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà tí ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ilẹ̀kùn lè wà ní ṣíṣí ní ọ̀sán láìjẹ́ pé ojú gbogbo ènìyàn wọ inú ilé yín. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìta bá ti tutù ju inú ilé lọ, ẹ gbé fáànù sí ẹ̀bá fèrèsé, kí ó kọ ẹ̀yìn sí ìta, kí ó máa fa atẹ́gùn tútù wọlé. Bí ó bá wà ní àárín ilé, ooru kan náà ni yóò máa lù káàkiri.

Ògiri àti ọ̀dà

Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kun ògiri. Ẹ lọ bá wọn ní ìrọ̀lẹ́ tí ara wọn balẹ̀, ẹ fi àwọ̀ tí ẹ fẹ́ hàn wọ́n, kí ẹ sì bi wọ́n bí wọn yóò bá yọ díẹ̀ nínú owó ọ̀dà náà kúrò nínú owó ilé. Àwọn onílé mìíràn yóò gbà. Bí wọ́n bá gbà, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ìwé, kí ẹ̀yin àti àwọn fọwọ́ sí i, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ẹ̀rí.

Àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ ni ó yẹ pálọ̀ kékeré: funfun bíi wàrà, tàbí àwọ̀ pupa ẹyin tí a fi funfun là púpọ̀. Ògiri tí ó mọ́lẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú ilé, èyí tí ó ṣú ń gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí pálọ̀ bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí ògiri rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tí a sì yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ohun tí ó kù láti kùn jẹ́ nǹkan bíi mítà 40 níbùú lóròó. Lítà ọ̀dà olómi kan ń kun nǹkan bíi mítà 10 lórí ògiri tí ó dán. A ó nílò lítà 4 fún ẹ̀ẹ̀kan, lítà 8 fún ẹ̀ẹ̀mejì. Agolo méjì tí ó gba lítà mẹ́rin mẹ́rin nìyẹn. Ògiri tí kò dán tàbí tí a kò kùn rí yóò mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá mọ ìṣirò yìí, kò sí akunlé tí yóò ní kí ẹ ra agolo mẹ́fà. Ní ìsàlẹ̀ ògiri, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ilẹ̀, ibi tí ọwọ́ àwọn ọmọ ń dé, ẹ lè fi ọ̀dà olóròóró kùn ún kí ó lè ṣe é fi omi ọṣẹ nù.

Ìkìlọ̀ méjì ni mo ní. Bí ògiri bá ń rin, ọ̀dà kò lè wò ó sàn. Yóò tún bó ni. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé ná, bóyá òrùlé ni tàbí ìpìlẹ̀, kí ẹ sì ké sí onílé. Èkejì, ọ̀dà àtijọ́ tí ó ń bó lára ògiri lè ní òjé nínú. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́ tàbí tí ó fa eruku rẹ̀ símú, ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ má ṣe ha á ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, ẹ kó ohun tí ó bọ́ dànù, ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, kí ọmọ kankan má sì sí nítòsí.

Ọ̀pá ańkárá mẹ́fà tó kọ́tìnì àti tìmùtìmù

Kọ́tìnì olówó ńlá tí ó nípọn máa ń gba eruku sára, ó sì ń dí atẹ́gùn. Aṣọ òwú ni ó bá ojú ọjọ́ wa mu. Ẹ wo ohun tí ẹ lè fi ọ̀pá ańkárá 6 ṣe.

Ká sọ pé fèrèsé yín fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ẹ sì fẹ́ kí kọ́tìnì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Kí kọ́tìnì tó lè ní ìṣẹ́po tí ó wuyì, ìbú aṣọ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ìbú fèrèsé. Ìbú ańkárá sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 45 sí 46. Abala méjì yóò fún yín ní íǹṣì 90 ó kéré tán, ìyẹn sì tó. Abala kọ̀ọ̀kan yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 9, nítorí ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ àti ojú òkè tí okùn yóò gbà kọjá. Abala méjì náà kò tó ọ̀pá 4. Ọ̀pá 2 ni ó ṣẹ́ kù, íǹṣì 72. Bí ẹ bá gé e ní íǹṣì 20 lọ́nà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò di àpò tìmùtìmù oníǹṣì 18 kan, tí ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gun ara wọn láìnílò síìpù. Kọ́tìnì àti tìmùtìmù yóò wá bára mu bí aṣọ ẹbí. Ohun kan ni kí ẹ má gbàgbé: ẹ fọ aṣọ náà kí ẹ sá a gbẹ kí ẹ tó gé e, nítorí aṣọ òwú máa ń súnkì. Bí ẹ bá gé e kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kọ́tìnì yín yóò di ṣòkòtò àgbàrá.

Ẹ̀yin tí àdìrẹ wù, ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí a fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró, jẹ́ ohun ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ìyá wa fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀. Ọ̀kan wà tí à ń pè ní Ìbàdàn Dùn, tí ọwọ̀n Gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí a ṣí ní 1929, wà lára ọnà rẹ̀. Àdìrẹ kan ṣoṣo tí a fi bo ẹ̀yìn àga tàbí tí a fi kọ́ ògiri tó láti sọ ibi tí a ti wá. Kí ẹ máa dá a fọ̀ ní ọ̀tọ̀, nítorí aró rẹ̀ máa ń ṣí, kí ẹ sì máa sá a sábẹ́ ibòji.

Àga, ẹní àti ìdun

Bí ẹ bá ní àga àtijọ́, ẹ mi igi rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù. Bí oríkèé rẹ̀ kò bá mì, tí ikán kò sì tíì wọ inú rẹ̀, fóòmù àti aṣọ ni kí ẹ pààrọ̀. Èyí kì í ná ènìyàn tó àga tuntun. Bí ẹ bá ń ra fóòmù, ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá dìde kíákíá ni kí ẹ rà. Èyí tí ó bá ń lọ́ra, láàárín ọdún kan yóò ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá ń ṣe àga tuntun, ẹ bi káfíńtà ní orúkọ igi rẹ̀. Ìrókò wọ́n, ṣùgbọ́n ikán kì í tètè jẹ ẹ́. Àfàrà rọjú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ oògùn ikán kí a tó lò ó.

Bí ó bá jẹ́ àga àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, ẹ yẹ ojú rírán àti ihò igi rẹ̀ wò nínú oòrùn. Àmì dúdú tíntìntín bí ìgbà tí a fi yíǹkì tọ́ ọ, àmì ìdun ni. Ìdun tí ó bá wọ ilé oníyàrá mẹ́jọ kò ní dúró sí yàrá kan. Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ má tíì gbé e wọlé. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ sì da omi tí ń hó sí gbogbo oríkèé igi rẹ̀.

Kò pọn dandan kí gbogbo ìjókòó jẹ́ àga. Àga méjì fún àwọn àgbà, ẹní kan tí ó fẹ̀ fún àwọn ọmọ, àti tìmùtìmù aláwọ ti Ọ̀yọ́ kan tàbí méjì, tí a lè tì sábẹ́ tábìlì bí àlejò bá lọ tán. Orí ẹní ni a ti bí ọ̀pọ̀ nínú wa tọ́. Kí ó má ṣe di ohun ìtìjú. Ó tutù lára ju kápẹ́ẹ̀tì lọ, ó ṣe é ká, ó ṣe é sá, a sì lè ra márùn-ún ní iye owó kápẹ́ẹ̀tì kan.

Iná àti ewu rẹ̀

Gílóòbù kan ṣoṣo tí ó ń tàn láti àárín àjà kì í jẹ́ kí pálọ̀ tura. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lókè fún iṣẹ́ ilé, kí ẹ wá iná kékeré kan sí ẹ̀bá àga fún ìrọ̀lẹ́. Gílóòbù LED oníwáàtì 9 ń mọ́lẹ̀ bíi gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, iná tí ó ń jẹ kò sì tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́fà ti àtijọ́. Ẹ wo ara páálí rẹ̀: èyí tí a kọ 2700K tàbí 3000K sí ní ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú tí ó ń fi ara balẹ̀, èyí tí a kọ 6500K sí funfun gbòò bíi ti ilé ìwòsàn.

Nígbà tí iná ọba bá lọ, àtùpà tí a ń fi iná tàbí oòrùn gbà agbára sí ni ó dára jù. Ẹ má ṣe gbé àbẹ́là sí ẹ̀bá kọ́tìnì. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀yìn fèrèsé, ìbáà jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ tó

Ìgbà gbogbo ni a máa ń kọ́ fọ́tò sókè ní ẹ̀bá àjà, bí ẹni pé àlejò ni ó yẹ kí ó fò lọ bá a. Ẹ jẹ́ kí àárín fọ́tò wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ilẹ̀, kí ojú lè bá ojú pàdé. Dípò kí ẹ gbá ìṣó ogún mọ́ ògiri onílé, ẹ tọrọ àyè láti kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ so gbogbo fọ́tò mọ́ ọn. Ẹ mú fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ fẹ́ràn jù: ti àwọn òbí, ti ìgbéyàwó, ti àwọn ọmọ. Àwọn tó kù, kí wọ́n sinmi nínú àwo fọ́tò.

Igbá fínfín ti Ọ̀yọ́ kan lórí pẹpẹ, ìkòkò amọ̀ Ìlọrin kan tí a gbin òdòdó sí, ìyẹn tó. Bí omi bá ń dúró nínú àwo tí ó wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó, ẹ máa dà á nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí inú omi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Kí ẹ sì fún àwọn ọmọ ní igun tiwọn: àpótí kan fún ohun ìṣeré, pẹpẹ kan tí kò ga fún ìwé. Ọmọ tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí nǹkan rẹ̀ wà kò ní ṣòro láti kọ́ bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́.

Ètò owó oṣù mẹ́rin

Ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kìíní, omi, ọṣẹ, ìgbálẹ̀ àti ìwé ìròyìn àtijọ́ nìkan ni ẹ ó lò. Ẹ kó ẹrù jáde, ẹ wọn ilé, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejì, ẹ kun ògiri. Bí ẹ̀yin àti ọkọ yín bá kùn ún fúnra yín, ẹ ti jèrè owó akunlé. Ní oṣù kẹta, ẹ ra ańkárá àti gílóòbù. Ní oṣù kẹrin, ẹ tún aṣọ àga ṣe, kí ẹ sì ra ẹní. Bí ẹ bá dá èésú pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún, ẹ̀yin mẹ́fà, ẹ gbìyànjú kí ìgbà tiyín bọ́ sí oṣù tí owó yóò pọ̀ jù. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ iye tí ẹ ná sínú rẹ̀, kí ọkọ yín sì máa rí i. Owó tí tọkọtaya jọ mọ̀ nípa rẹ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìyá ọkọ mi tún wá. Ògiri ti padà di funfun nígbà náà. Àga méjì ni ó kù, ẹní wà nílẹ̀, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n na ẹsẹ̀ lórí ẹní, wọ́n fa ọmọ mi mọ́ra. Mo lọ gbé omi wá láti ibi ìdáná. Nígbà tí mo dé, àwọn àti ọmọ ti sùn lọ. Mo gbé omi náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, n kò jí wọn.